Lẹ́bàá ibojì Fájuyì

Òní ni 29 oṣù Keje. Láàárọ̀, rédíò tún sọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún: olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, wá sí Ìbàdàn ní 1966, ó sùn sílé ìjọba ní Agodi, àwọn ṣọ́jà ọlọ̀tẹ̀ ká wọn mọ́bẹ̀, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà, kọ̀, kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n. Ẹni ogójì ọdún ni Fájuyì.

Ní Adó-Èkìtì tí wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ ti di ibùdókọ̀. "Fájuyì! Fájuyì, ẹnì kan ló kù!" Bẹ́ẹ̀ làwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é láti ìdájí, ọ̀pọ̀ tó ń wọkọ̀ ò sì rántí pé èèyàn ló jẹ́ orúkọ náà. Lọ́sàn-án, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé ní 1967. Ó wo ibẹ̀ títí, ó ní, "Bùọ̀dá, ogun wo ló jà?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ náà mọ Agodi, ó mọ Lálúpọn, wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó sọ ti Kóńgò fún un.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 1943 ló wọṣẹ́ ológun, 1954 ló di ọ́físà. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wá sí Kóńgò, òun ni ọ̀gá kọ́ńpìnnì C nínú bàtálíọ̀nù kẹrin. Ní àríwá Katanga, ẹkùn kan ní Kóńgò, ní 1961, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá lúgọ dè, ìró ìbọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ ibi tí ẹni tó ń yìn ín wà. Kí ọ̀gá má dàrú nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, iṣẹ́ ńlá ni. Fájuyì kó wọn jáde. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní Military Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún ológun.

Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán irú àmì ẹ̀yẹ náà hàn án: àgbélébùú fàdákà kékeré, tí wọ́n so mọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ní àwọ̀ àlùkò láàárín. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà kó lè rí i dáadáa. "Kò mà tóbi," ó ní.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé Fájuyì ò yan ikú kankan, pé ó ti wà lọ́kàn àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti pa òun náà, torí wọ́n fura pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà. Ká máa béèrè, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a gbé gbogbo ìgboyà ọkùnrin yìí ka orí òru ọjọ́ kan ṣoṣo, débi pé tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ìtàn òru náà, ó dà bíi pé kò ku nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú Agodi. Lójú tèmi, ẹni tí kò fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Katanga ò lè fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn.

Bá a ṣe ń jáde, ọmọ náà tún ní, "Àwọn tó kó jáde yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó lọ sí Kóńgò nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ bàtálíọ̀nù wọn, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú àgọ́ kan. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní wọ́n ti wọṣọ ológun rí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ lọ́la, ọmọ náà á sì bá mi lọ.