Nọ́ńbà Ta Ló Wà Lórí BVN Ìyá Alátà?

Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde owó ìrànwọ́ ₦50,000 fún àwọn oníṣòwò wẹ́wẹ́, wọ́n sì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin àti ọ̀dọ́. Kí wọ́n tó san án, NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń lò) ni wọ́n béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Orúkọ ìyàwó ló wà lórí àkáǹtì, àmọ́ nọ́ńbà fóònù baálé tàbí ti ọmọ ló wà lórí BVN, àpò ẹlòmíì sì ni aláàtì, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, ti ń dún. Ẹni tí OTP, kóòdù tí báńkì fi ń jẹ́rìí sí ìsanwó, bá ń lọ bá ló ni owó, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sí fọ́ọ̀mù.

Ẹ dán an wò báyìí: lórí síìmù ìyá fúnra wọn, ẹ tẹ *565*0#. Wọn yóò yọ owó díẹ̀ nínú owó ìpè tó wà lórí síìmù náà. Bí nọ́ńbà onídíjíìtì 11 bá jáde, síìmù yẹn ni BVN mọ̀. Bí kò bá jáde, tí kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà mìíràn ló wà níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ní ètò. NIN ló ṣíwájú; ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín. Síìmù tí wọ́n fi NIN ìyá fúnra wọn gbà ló tẹ̀ lé e, torí èyí tí ọmọ bá forúkọ ara rẹ̀ gbà, bó bá sọnù, ọmọ náà ni yóò lọ gbà á padà. Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó lọ sí báńkì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oní-POS. Kí wọ́n sọ ọ́ yékéyéké pé nọ́ńbà fóònù orí BVN ni àwọn fẹ́ yí padà, torí òṣìṣẹ́ lè yí nọ́ńbà aláàtì nìkan padà, kó fi ti BVN sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún tẹ *565*0#.

Orúkọ náà ń dà á rú. Shakirat lórí NIN, Sakirat lórí BVN. Orúkọ bàbá níhìn-ín, ti ọkọ lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí BVN tẹ̀ lé NIN. Wọ́n lè béèrè ìwé ìbúra kóòtù tàbí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó.

Ó ku ti àjọ. Àkáǹtì ìpele kìíní, irú èyí tí wọ́n ń ṣí kíákíá nínú ọjà, owó inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ. Tí àjọ ₦350,000 bá kan ìyá, kò ní í wọlé. Ti ìpele kejì kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ìkẹta ò ní gbèdéke, àmọ́ wọn yóò béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì, bíi bíìlì iná. Kí oṣù tí yóò kàn wọ́n tó dé ni kí wọ́n ti lọ sọ ní báńkì pé kí wọ́n gbé ìpele àkáǹtì àwọn sókè.