A Sanwó Kí Wọ́n Lè Tì Wá Mọ́lé

“Ẹ fẹ́ sanwó kí wọ́n tì yín mọ́lé?”

Ìyá wa dá omorogùn dúró láàárín ìkòkò àmàlà. “Àwọn tó wà ní ẹ̀wọ̀n Àgódi ńkọ́, ta ló gbowó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé?”

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo rí i lórí fóònù pé ilé eré kan lápá Bódìjà ti ṣe escape room tuntun, ti àwọn ajalèlókun, olè orí òkun. Mo ní kí ẹbí kóra jọ ká lọ gbafẹ́. Ará Japan kan, Takao Kato, ló bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí ní ìlú Kyoto lọ́dún 2007, ó sì ti kárí ayé báyìí. Àlọ́ àpamọ̀ ni, àfi pé inú yàrá ni ẹ ti máa já a: wọ́n á kó yín wọlé, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, ẹ ó sì máa tú àgádágodo kan tẹ̀ lé òmíràn kí 60 ìṣẹ́jú tó pé. Ẹnì kan á máa wò yín nínú kámẹ́rà. Bí ẹ bá há, á ta yín lólobó. Bọ́tìnì kan sì wà tí ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lè tẹ̀ kó jáde. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yìí ló jẹ́ kí ọkàn Ìyá Ìbejì balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọn kì í wọ lífìtì.

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan á tó láti ṣètò. Oṣù méjì àtààbọ̀ ló gbà wá, Sátidé ló sì fà á. Ta ni Sátidé rẹ̀ ṣófo ní Ìbàdàn? Ẹni kan ń lọ síbi òkú ní Àpáta, òmíràn ti sanwó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ní Òjóò. Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ìgbà wo ni ṣọ́ọ̀ṣì máa parí! Níkẹyìn, a rí Sátidé kan tó jẹ́ pé Bọ̀dá Àgbà nìkan ló ní òde. Wọ́n ní kò burú, àwọn á ti òde wá. Òótọ́ ni, wọ́n ti òde wá, tàgbádá-tàgbádá.

Owó ọ̀hún tún nìyẹn, 8,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo di alájọ, mo ń pè wọ́n ní kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò irú ìjáde báyìí, kó gbowó sọ́wọ́ ná kó tó fi orúkọ ránṣẹ́. Mo san ti ẹni méjì mọ́ tèmi. Ọ̀kan ti dá a padà, ìkejì mọ ara rẹ̀. Wọ́n ní yàrá náà kò gbà ju èèyàn mẹ́jọ lọ, mo sì kó mẹ́jọ gééré. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mẹ́rin tó, márùn-ún ti pọ̀.

Ọkọ̀ Micra méjì ni a wọ̀ láti Mọ́lété. A gba Ọjà Ọba, a gòkè Mápó, a já sí Bẹẹrẹ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró pa. Ayẹyẹ kan ti gba ìdajì títì. Onígángan wá sójú fèrèsé wa, ó ń ki Bọ̀dá Àgbà torí agbádá ọrùn wọn, ni Bọ̀dá tó ní àwọn kò ní ṣéńjì owó ọkọ̀ bá yọ náírà tuntun jáde. Nígbà tí a ó fi dé Bódìjà, àwọn tó kàn lẹ́yìn wa ti ń jókòó dúró. Wọ́n ní 45 ìṣẹ́jú ló kù fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ dé ibì kan ní aago méjì, ẹ sọ fún ẹbí pé aago méjìlá ni.

Inú yàrá náà ń run ọ̀dà. Àgbá onígi wà níbẹ̀, àwọ̀n so rọ̀ látòkè, ìró òkun ń jáde nínú sípíkà, jẹnẹrétọ̀ sì ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Kí ilẹ̀kùn tó dé tán ni Táyé ti figbe ta: “Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun!” Mo ní lóòótọ́, bí wọ́n bá ń wá ọmọ ajalèlókun, ará ibí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà.

Kíá la tú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni àgádágodo onínọ́ńbà mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọdún tí ọ̀gá wa kú.” Lára ògiri níwájú rẹ̀ ni àsíá dúdú kan wà: ọkùnrin kan mú idà, ó tẹ agbárí òkú méjì mọ́lẹ̀, ABH wà lábẹ́ ọ̀kan, AMH lábẹ́ èkejì.

Olùkọ́ ìtàn ni Bọ̀dá Àgbà. Wọ́n kó apá agbádá sí èjìká, wọ́n gbá àgádágodo mú. “Blackbeard nìyí. 1718 ló kú.” Wọ́n yí i sí 1718. Kò ṣí. Wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún yí i sí 1718. “Ó ti dógùn-ún ni.” Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún 13, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó la ẹnu. Lẹ́ẹ̀kejì, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà...” ti jáde kí Ìyá Ìbejì tó já a léèékánná lápá: “Àgbà ń ronú.” Gbogbo wa la mọ̀ pé 1718 kò ní ṣí nǹkan kan, èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ta ló máa sọ fún Bọ̀dá Àgbà pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀? Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá lọ báyẹn.

Ohùn kan jáde látinú sípíkà: “Ẹ ka ìwé ara ògiri.”

Òfin ọkọ̀ Bartholomew Roberts, ọ̀gá ajalèlókun kan láyé àtijọ́, ni, òfin tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ lò lóòótọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n pa fìtílà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni Ìyá Ìbejì kà sókè: olúkúlùkù ló ní ìbò nínú ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Ni Kẹ́hìndé bá kúnlẹ̀ sórí pákó.

“Ẹ má bínú sà. Roberts ló ni àsíá yẹn. Orí ará Barbados ni ABH, orí ará Martinique ni AMH, torí ó kórìíra wọn. 1722 ló kú.”

A dìbò. Méje sí ọ̀kan. Ó yí i, ó ṣí.

“Ṣebí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ọmọ yìí ń kàwé ni,” Bọ̀dá Àgbà wí.

Àgádágodo méjì ló kù tí agogo fi lù.

Nínú ọkọ̀ lálẹ́, mo bi Kẹ́hìndé ibi tó ti mọ gbogbo èyí. Ó ní ìwé ló kà, ó wá sọ èyí tí kò sí nínú yàrá. Ní oṣù kìíní ọdún 1722, oṣù kan kí Roberts tó kú létíkun Gabon, ó ya wọ Whydah, tí à ń pè ní Ouidah lónìí, ní Benin tó múlé tì wá. Ó mú ọkọ̀ òkun 11, ó ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi wúrà ra ara rẹ̀ padà. Ọ̀gá ọkọ̀ kan kọ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà, tòun tàwọn ẹrú tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so pọ̀ ní méjì-méjì nínú rẹ̀. Awakọ̀ dín rédíò kù. Gèlè pupa tí mo rà fún wa láti fi múra bí ajalèlókun ṣì wà lórí mi, mo tú u.

Ìyá wa ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Wọ́n dá yín sílẹ̀?”

“Àkókò ló pé, mà.”

“Ẹ̀wọ̀n yín ló pé.”

A ó tún lọ. Mẹ́rin-mẹ́rin ni mo máa pín wa, Bọ̀dá Àgbà lápá kan, Kẹ́hìndé lápá kejì. Mo fi ètò náà sórí WhatsApp ẹbí lánàá. Bọ̀dá Àgbà fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko: kí n bá àwọn onílé eré sọ ọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi epo sí àgádágodo yẹn.