Ṣọ́ọ̀kù kan náà fún dírágì àti kọ́nà

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà ẹ̀yìn, tí o fẹ́ fi sá dírágì (eré ìje ojú ọ̀nà tó lọ tààrà) àti kọ́nà (eré ìje ojú ọ̀nà tó ń yí), ni mò ń bá wí o. Bí o bá tẹná mọ́ ọn, ìwúwo rẹ̀ á sún sẹ́yìn, imú á gbéra, táyà ẹ̀yìn á sì di ilẹ̀ mú. Ohun tí dírágì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí imú bá gbéra bẹ́ẹ̀ nínú kọ́nà, sítíárìn á fúyẹ́, ọkọ̀ ò ní gbọ́ràn mọ́.

Ẹni tó bá ń wá agbede-méjì tí yóò bá eré méjèèjì mu, méjèèjì ni yóò pàdánù. Kọ́kọ́ tún un ṣe fún kọ́nà: kí orí táyà iwájú tẹ̀ sínú ní dígírì 2, ti ẹ̀yìn ní 1. Má fọwọ́ kan ìyẹn mọ́ nítorí dírágì, torí bí o bá yí i, alignment ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀kù ni kí o máa yí. Yí nọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró. Ibẹ̀ ni òdo, ibi tí ṣọ́ọ̀kù ti le jù. Wá máa tú u padà, kí o máa ka bó ṣe ń dún kẹ́, kẹ́. Bí gbogbo kẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 20, fi kọ́nà bẹ̀rẹ̀ ní 6 níwájú, 8 lẹ́yìn. Fún dírágì, tú iwájú dé 16, ẹ̀yìn kó wà ní 6. Bí imú bá gbéra tó sì já wálẹ̀ gbì nígbà tí o pààrọ̀ jíà, o ti tú u jù. Dá 2 padà.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà ní ọjà Ládípò, gbé ṣọ́ọ̀kù náà nàró kí o tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé bí ìgbà mẹ́fà kí o tó dá a lẹ́jọ́, torí afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú òróró èyí tó ti sùn nílẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kó le lọ́wọ́ rẹ dọ́gba látòkè délẹ̀. Bí ibì kan bá ṣì ń já ṣọ́ọ́, fi í sílẹ̀ fún wọn. Ṣí rọ́bà tó bo ọ̀pá náà wò: wọ́n máa ń nu òróró ìta, wọn kì í rántí abẹ́ ibẹ̀. Méjì tó jáde lára ọkọ̀ kan náà ni kí o rà.

Búṣì, rọ́bà inú oríkèé irin tó so táyà mọ́ ọkọ̀, ńkọ́? Má jẹ́ kí mẹkáníìkì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí táyà ń rọ̀ lórí jáàkì. Kó fọwọ́ dì í, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ẹrù rẹ̀ jókòó, kó tó fi sípánà fún un. Rọ́bà tí wọ́n fún pa lókè ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Kòtò Èkó á tún máa lọ́ ọ sí i, yóò sì ya láìpẹ́. Wọ́n á wá ní ayédèrú ni búṣì náà.

Ó ku afẹ́fẹ́. Táyà lásán tó ń lo 32 psi ní kọ́nà, sọ ti ẹ̀yìn di 26 fún dírágì. Géèjì tìrẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n, torí ti fọ́gànáísà kan kì í bá ti èkejì mu. Kí o sì dá 32 náà padà kí o tó gun Third Mainland Bridge lọ sílé.