Ọ́ìlì tó yẹ alùpùpù
Ní òwúrọ̀ yìí, mo yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Àkúrẹ́ láti ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin tó ń tajà fẹ́ gbé ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ìyá tó ni ìsọ̀ dá a dúró: "Rárá o, ti máṣíìnì ni kí o gbé fún bọ̀ọ̀dá."

Ìyá gbé ike ọ́ìlì alùpùpù, wọ́n yí i padà, wọ́n sì fi èékánná tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀: JASO MA2, àmì tó ń fi hàn pé ọ́ìlì náà yẹ alùpùpù. Inú mi dùn gan-an, nítorí pé inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) ọ̀pọ̀ alùpùpù wa wà. Bí ọ́ìlì ọkọ̀ bá ní èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní í dì mú dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa ké lásán lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ìdànrè ni èmi ń gbà pẹ̀lú ẹrù.

20W-50, ìyẹn ìwọ̀n kíki ọ́ìlì tí ìwé alùpùpù mi là sílẹ̀, ni mo mú, mo sì ra ọ́ìlì ṣéènì lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ṣé àwọn tó ń tajà fún yín máa ń fi lẹ́tà yẹn hàn yín?