Ẹ gun òṣùwọ̀n kí abẹ tó kan orúnkún yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ la ṣí bandéèjì lórúnkún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Omi pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń sun nísàlẹ̀ ojú abẹ, ó ti rin aṣọ ibùsùn gbindin. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ ní kékeré ni tèmi?" Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti kọ́ wọn rìn, mi ò rí èsì fún wọn.

Kékeré ni lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan orúnkún péré ni wọ́n pààrọ̀, tinú ló sábà máa ń jẹ́: irin lórí egungun itan, irin pẹlẹbẹ lórí egungun ojúgun, ike láàárín wọn. Irin pẹlẹbẹ yẹn kò bo ju ẹ̀gbẹ́ kan egungun lọ, òun ló sì ń gbé ẹrù. Kílò 118 ni ìyá, gíga wọn 1.60 mítà. Ẹ sọ 1.60 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 2.56, ẹ fi pín 118, ó lé ní 46. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní BMI, òṣùwọ̀n tó ń fi kílò wé gíga. Láti 40 sókè, sísanra tó le nìyẹn.

Ọ̀rá kì í ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú abẹ tó gba inú ọ̀rá kọjá fi ń pẹ́ jiná. Bí kòkòrò bá dé ìdí irin, wọ́n á tún un ṣí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ ike. Nígbà míì irin náà á jáde. Tí ojú abẹ bá ń sun, ẹ má da àgbo sí i, ẹ má lọ ra kápúsù ní Kútọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe abẹ ni kẹ́ ẹ padà sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ojú abẹ ìyá yẹn gbẹ. Wọ́n ti ń rìn.

Òṣùwọ̀n ṣáájú abẹ! Kílò 1 tẹ́ ẹ bá jò sílẹ̀, bíi kílò 4 ló kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kílò 10, ó di 40. Ẹ wo òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta tiwa yìí, kẹ́ ẹ tún un kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ọmọ Ẹ̀gbá ò ní fẹ́ gbọ́: láfún ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má dín ẹja àti ẹ̀wà, torí ẹni tí kò jẹ wọ́n, ojú abẹ rẹ̀ ò ní tètè dí. Ẹ yẹ ṣúgà ara yín wò pẹ̀lú.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, kílò tèmi náà kò kéré. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ má ṣe abẹ náà. Lọ́dún 1989, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé kí ẹni tó ju kílò 82 má ṣe é. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti fi ìyẹn sílẹ̀, torí ìrora ẹni tó sanra náà ń rọlẹ̀. Ewu ló pọ̀ sí i: ojú abẹ tí kò jiná, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀, irin tó mì tàbí tó rì, abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òṣùwọ̀n náà la tún padà sí.

Lẹ́yìn abẹ, ẹ má fi ìrọ̀rí há abẹ́ orúnkún, kò ní nà mọ́. Ẹ fún iṣan itan pọ̀, ẹ ka 5, ẹ tú u; ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe jálẹ̀ ọjọ́. Ẹ fi àpótí ìdáná sílẹ̀, àga gíga ni kẹ́ ẹ jókòó lé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra wọ́kà, irin tẹ́ ẹ ó máa dì mú rìn, ẹ wo iye kílò tí wọ́n kọ sí i lára. Àwọn kan ò kọjá 100.