Ẹ̀yìn Pátápátá Ni Tèmi

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ ẹrù ẹ̀yìn. Ọkọ mi á máa wa ọ̀kadà yìnyín (ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ló wà níwájú rẹ̀, rọ́bà gbàgẹ̀rẹ̀ ló sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ dípò táyà), èmi á rọ̀ mọ́ ọkọ mi níbàdí, màá dijú pa títí a ó fi padà dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà bóyá mo gbádùn ẹ̀, màá ní ó dùn gan-an. Irọ́ gbuu ni.

Nígbà òtútù ọdún kẹta ni Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ wa tó kó wa wọ fàájì yìí, ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ mi, kí n máa wa tèmi. Ó ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn, gbígbọ̀n nìkan ló mọ̀. Ẹ̀kọ́ náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fún un níná, bíréèkì wà lọ́wọ́ òsì. Kò sí jíà téèyàn ń yí bó ṣe ń sáré. Bẹ́líìtì kan nínú rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀. Okùn kan tún wà tí wọ́n so mọ́ mi lára: bí mo bá já bọ́, á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rọ náà, okùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ le, mo ṣe bí akin. Ìgbà tí a yà sínú yìnyín tuntun ni wàhálà dé. Níbẹ̀, eré ló ń gbé ẹ̀rọ náà léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Bí eré bá ti lọ sílẹ̀, ó rì nìyẹn. Bàbá Ìbejì ń pariwo pé, "Ẹ má yọwọ́, ẹ má yọwọ́!" Mo yọwọ́. Ọ̀kadà náà rọra jókòó bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo tún fún un níná, rọ́bà gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ wá ń gbẹ́ kòtò. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wọlẹ̀ sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀, yìnyín mù mí dé ìbàdí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Kò tiẹ̀ bi mí bóyá mo fara pa. "Mọ́mì, ẹ pa á ná, ká dà á dùbúlẹ̀." A tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fẹsẹ̀ gbá yìnyín sínú kòtò tí mo gbẹ́, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a dúró kó le díẹ̀, ká tó gbé e dìde. Mo di ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kan níwájú mú, mo ń fà, òun ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, ó sì jáde. Àágùn ti bò mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká má wọ aṣọ òwú sínú: ó mu àágùn, kò gbẹ. Nígbà tí a tún gbéra, àfi bíi pé ẹnì kan da omi tútù sí mi lẹ́yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ mi bi mí pé ta ló tiẹ̀ ro irú nǹkan báyìí. Mo sọ ti Joseph-Armand Bombardier fún un, ará Valcourt ní Quebec, ní Kánádà. Ọmọ ọdún 15 ni ní 1922 nígbà tó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ford àti abẹ̀bẹ̀ tó ń tì í látẹ̀yìn ka orí pákó tó ń yọ̀ lórí yìnyín, tó sì gbé e jáde. Bàbá rẹ̀ ní kó tú u palẹ̀ kíá. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí i rín o; ọ̀dọ̀ bàbá ni mo wà. Àmọ́ ní 1934, ọmọkùnrin Bombardier fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, kú nítorí yìnyín dí ọ̀nà, wọn ò rí i gbé dé ilé ìwòsàn. Ní 1937 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó fi ń yí rọ́bà abẹ́ ẹ̀rọ. Ọdún 1959 ni Ski-Doo tirẹ̀, èyí kékeré tí wọ́n fi ń ṣe fàájì, wá jáde. Ìgbà tí mo dé ibi ikú ọmọ Bombardier yẹn, ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ tèmi.

Bàbá Ìbejì kì í gbà ká gba orí adágún tó ti dì kọjá láìjẹ́ pé ó lu ihò wò. Omi dídì tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18 ní nínípọn; bó bá funfun, ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọ máa ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n máa kùn lọ.

Ní báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń wà, èmi ni mo bèèrè fún un. Iná pupa márùn-ún níwájú mi, mo ń kà wọ́n ní gbogbo kọ́nà. Bí a bá dúró tí gbogbo ẹ́ńjìnnì kú, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́ débi pé wàá máa gbọ́ bí irin gbígbóná ṣe ń tutù, ta, ta, ta, òórùn ọ́ìlì á ṣì wà nínú akoto rẹ. Mi ò lè ṣàlàyé bí mo ṣe fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn tó.

Bí a bá pàdé àwọn mìíràn lọ́nà, ẹni iwájú wa á na ìka sókè, iye ẹni tó kù lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé e á dín in kù. Márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Tí ó bá kàn mí, màá di ọwọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́, màá gbé e sókè: kò sí ẹnìkan mọ́ lẹ́yìn mi.