Krọ́sọ́wọ́ọ̀dù ọjọ́ ìbò tó ní ìdáhùn méjì

Ọ̀rọ̀ krọ́sọ́wọ́ọ̀dù náà ni mo tún gbé dé o, eré tá a ti ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kún àpótí kọ̀ọ̀kan kó lè di ọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe ti ìwé ìròyìn New York Times, ẹ mọ̀ pé ti Monday ló rọrùn jù, kó tó di Saturday orí á ti gbóná. Ti Thursday ni wàyó pọ̀ nínú ẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n lè ní kó o ki odidi ọ̀rọ̀ kan bọ inú àpótí kan ṣoṣo, mo ti bú wọn tì.

Àmọ́ èyí tó gba oorun lójú mi lálẹ́ àná, November 5, 1996 ló jáde, ọjọ́ ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Jeremiah Farrell ló ṣe é. Wọ́n ní ká kọ àkọlé ìròyìn ọ̀la, ELECTED ló parí ẹ̀, ó wá ku orúkọ ẹni tó wọlé. Mo kọ CLINTON, ó ṣe wẹ́kú. Àṣé BOB DOLE tí wọ́n jọ díje náà lẹ́tà méje ni! Mo ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú lẹ́tà orúkọ náà á tú àṣírí, irọ́ ni, ẹranko dúdú ti Halloween, CAT lè jẹ́ fún C ti CLINTON, BAT náà lè jẹ́ fún B ti BOB DOLE, bí gbogbo méjèèje ṣe rí nìyẹn, ìdáhùn méjì méjì tó tọ̀nà! Làwọn kan bá ń bínú pe Will Shortz tó jẹ́ olóòtú, pé ó ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ẹ tún wo OBI táwọn tó ń ṣe krọ́sọ́wọ́ọ̀dù fẹ́ràn láti máa lò, ọ̀já ìdí kìmónò àwọn ará Japan ni wọ́n ní lọ́kàn, èmi ṣá, obì àbàtà ni mò ń rí.